Ojú Kan Ni Mo Fi Jórin Títí Mo Fi Fẹ̀yìn Tì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ àbúrò ìyàwó mi kan wá kí mi láti Iléṣà. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá, ó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ó bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo ni Kristẹni lè ṣe tí kò ní rí ìdààmú níbẹ̀?" Mo ní kí ló wí? Ó tún un wí. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé yìí. Ó ní pásítọ̀ àwọn ló sọ pé tí èèyàn bá ti wà nínú ìfẹ́ Ọlọ́run, wẹ́rẹ́ ni gbogbo nǹkan á máa lọ. Wẹ́rẹ́ kẹ̀! Inú bí mi débi pé n kò lè jẹ oúnjẹ tó wà níwájú mi tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ bí tèmi ṣe rí, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa yàn má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ tàn yín.

Ìwàrà ni wọ́n bí mi sí, nítòsí Iléṣà. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá mi ló tọ́ mi, obìnrin aládùúrà tí kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló mú mi lọ bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo, pé kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ irin. Bàbá Ògúnṣínà ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ni mò ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Ògún ni wọ́n ń sìn, tọkàntọkàn ni wọ́n sì ń sìn ín. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi bi í pé ṣé kò ríbòmíràn fi ọmọ sí ni. Ó ní, "Iṣẹ́ ni mo ní kó lọ kọ́, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni mo sì fi í sí. Ẹni tó máa sìn, èmi ti kọ́ ọ nílé." Lọ́jọ́ tó mú mi dé, kò bá mi sọ ju kí n máa gbàdúrà, kí n má sì jalè. Ó wọkọ̀, ó padà sílé.

Owó ìkọ́ṣẹ́ àti ohun tí wọ́n fi gbà mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ líle Ọ̀gá ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ gbálẹ̀, ẹ ti ń fajú ro, ẹ ti ń pe ìyá yín lórí fóònù. Ìdí ẹwìrì ni mo wà, tí mò ń fẹ́ná, títí tí ẹ̀yìn mi fi fẹ́ kán. Nígbà tí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan òòlù, tí mo bá rọ nǹkan, Ọ̀gá á gbé e síta oòrùn, wọ́n á wò ó tọ̀tún tòsì, wọ́n á jù ú sílẹ̀. "Tún un ṣe." Wọn kì í sọ ibi tó ti bàjẹ́. Ìwọ ni wàá wá a rí.

Nígbà tí kábáàdì dé, òkúta tí à ń da omi sí nínú ìkòkò irin kó lè yọ gáàsì, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná gáàsì jó irin mọ́tò, líle wọn tún wá le sí i. Òfin kan wà ní ìsọ̀ wa nípa táǹkì bẹntiróòlù tó bá ń jò. Wàá fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀, lẹ́yìn náà wàá rọ omi kún un, kó jẹ́ pé ibi tó ń jò nìkan ni omi ò ní dé, kí o tó gbé iná sún mọ́ ọn. Epo lè tán nínú táǹkì o, ooru epo yẹn ò tán, òun gan-an ló ń pani. Lọ́jọ́ kan mo fọ táǹkì kan, mo ní ó ti mọ́. Ọ̀gá gbé imú sí i, wọ́n ní kí n gbé e padà sódò. Mo rù ú lọ, mo rù ú bọ̀, wọ́n tún gbé imú sí i, wọ́n tún ní kí n máa gbé e lọ. Àwọn ọmọbìnrin tó ń pọnmi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bínú sí Ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe díẹ̀.

Ọjọ́ òmìnira èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá kò. Nídìí iṣẹ́ wa nígbà yẹn, wọn kì í fi ẹnu lásán dá ọmọṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á kó irinṣẹ́ rẹ síwájú ojúbọ Ògún, wàá kúnlẹ̀, wàá di okùn ajá mú, wọ́n á bẹ́ ajá náà, wọ́n á ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí irinṣẹ́ rẹ, ìgbà yẹn lo tó di ọ̀gá ara rẹ. Nígbà tó kàn mí, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní lè dì í mú. Jésù ni mò ń sìn."

"O ní kí ni?"

Mo tún un sọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní kí wọ́n bu omi tútù sí mi lórí.

Ọ̀gá ò nà mí, wọn ò sì bú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mi ò lè fi tipátipá mú ẹ sin ohun tí mò ń sìn. Ìwọ náà ò sì lè fi tipátipá mú mi dá ẹ sílẹ̀. Padà sídìí ẹwìrì."

Bí mo ṣe padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ ṣí ìsọ̀, wọ́n gba ọmọṣẹ́ tiwọn, wọ́n gbéyàwó. Èmi ń gbálẹ̀, mò ń fẹ́ná. Ọdún Ògún á dé, á kọjá, òmíràn á tún dé. Ó dùn mí, n kò ní parọ́ fún yín. Nígbà mìíràn tí mo bá dùbúlẹ̀, omi á kàn máa bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí jù. Ọ̀gá kọ́ o. Díákónì kan ni, nínú ìjọ tí mò ń lọ ní Òṣogbo. Ọlọ́kọ̀ ni, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ló ń ná Òṣogbo sí Iléṣà, ìjókòó iwájú ló sì ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ìjẹ̀ṣà, o ti le jù. Okùn lásán mà ni! Dì í mú, kí o máa pe Jésù nínú ọkàn rẹ. Ọkàn ni Ọlọ́run ń wò." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó ṣe mí bíi pé kí n gbà á. Àfìgbà tó kù díẹ̀ kí ọdún Ògún pé, tí Ọ̀gá rán mi ní iṣẹ́ lọ sí gáréèjì Díákónì. Mo bá ajá kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Mo bi àwọn awakọ̀ pé ta ló ni ajá. Wọ́n ní, "Ti Ọ̀gá wa ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń rà á fún wa ká mú un lọ fún Ògún nítorí ọkọ̀. Má sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì o."

Háà! Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ń gbé igbá ọrẹ! Bàbá Ògúnṣínà ń sin Ògún wọn ní gbangba, tọmọdé tàgbà ló mọ̀, wọn ò fi pamọ́ fún Ọba tàbí ìjòyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ajá ránṣẹ́ láàárọ̀, tó ń kọrin ìyìn nírọ̀lẹ́, tó tún wá ń kọ́ èmi tí mo wà nídìí ẹwìrì bí màá ṣe máa ṣe ojú méjì! Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé tí mo bá máa darúgbó sídìí ẹwìrì yẹn, kí n darúgbó síbẹ̀.

N kò darúgbó síbẹ̀. Lásìkò òjò kan, Ọ̀gá pè mí síwájú ìsọ̀. "Ṣé Jésù yẹn náà lo ṣì ń sìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Wọ́n ní, "Ránṣẹ́ sí ìyá rẹ ní Ìwàrà. Kó wá gbàdúrà sí irinṣẹ́ rẹ bó ṣe wù ú. Mo dá ẹ sílẹ̀." Ìyá mi dé, ó kúnlẹ̀ síbi tí a kó irinṣẹ́ sí, ó gbàdúrà ní èdè Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀gá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọn ò dí i lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe tán, wọ́n fún un lómi mu.

Mo ṣí ìsọ̀ ní Alekúwodò. Mo gbé Dúpẹ́ níyàwó, ó bí Bọ́lá fún mi. Ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà ń yọ mí lẹ́nu lọ́dọọdún. N kò kọ owó ẹgbẹ́, n kò kọ ìpàdé, tí ẹnì kan bá kú tàbí bímọ, màá lọ. Owó ajá ọdún Ògún nìkan ni n kò bá wọn dá. Wọ́n á wá kó irinṣẹ́ mi, màá lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n á dá a padà. Ó ti mọ́ wa lára.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ tí Díákónì gbé táǹkì ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ó ń jò, ó sì ní òun ń kánjú lọ síbi ìsìnkú kan ní Iléṣà. Mo ní kó fara balẹ̀. Mo fọ táǹkì náà bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo gbé imú sí i, mo tún un fọ̀, mo rọ omi kún un, mo gbé e kalẹ̀ síwájú ìsọ̀. Mo ní, "Díákónì, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o." Mo lọ sẹ́yìn ìsọ̀ lọ kó kábáàdì sí ìkòkò. Mo tan iná, mo fi awò dúdú bojú, mo jáde. Ẹni tó bá ti wọ awò yẹn mọ̀ pé iná ọwọ́ rẹ nìkan lo ń rí. Mo gbé iná kan táǹkì.

N kò mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ dé òpópónà kejì. Irin ya, ó fọ́ awò, ó wọ ojú òsì mi. Ọwọ́ mi jóná. Wọ́n gbé mi digbádigbá lọ sílé ìwòsàn kan ní Iléṣà, níbi tí ìyá mi á ti lè máa wá wò mí.

Ẹ wá gbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí èmi ń kérora, Díákónì wọ agbádá funfun, ó jáde síwájú ìjọ, ó ń jẹ́rìí pé Ọlọ́run yọ òun nínú iná. Ó jó! Ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó rí i bó ṣe ń jó. Ó wá sọ fún ìjọ pé ìjà Ògún ni, pé òun ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ta ko àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Ìjọ sì ṣe àmín!

Wọ́n rán àwọn alàgbà sí mi ní ilé ìwòsàn. Mo rò pé wọ́n wá tù mí nínú. Ọ̀kan bi mí pé ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ wo ni mo dá. Ìkejì ní kí n fi iṣẹ́ irin sílẹ̀, pé iṣẹ́ Ògún ni. Ìkẹta rẹ ohùn nílẹ̀, ó ní, "Tó bá jẹ́ ajá lásán ni wọ́n fẹ́, fún wọn kí ara tù ẹ́. A máa fi àdúrà nù ún." Mo yíjú sí ògiri. Bí mo bá lè dìde ni, ǹ bá lé wọn jáde.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ fún Dúpẹ́ pé ó parí. Mo ní, "Èmi ò ṣe mọ́. Mo kọ ajá, mo jìyà rẹ̀. Mo fọ táǹkì, mo jóná. Ẹni tó ń rajá ń jó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí irú àwọn èèyàn báyìí bá jẹ́ ti Jésù, kí wọ́n máa bá a lọ, èmi ti kúrò níbẹ̀." Mi ò ṣàwàdà, gbogbo ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Dúpẹ́ kì í bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbà-à. "Bàbá Bọ́lá, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé Díákónì ló kú fún yín ni?"

Ó sún mọ́ ibùsùn mi.

"Ṣé òun lẹ tìtorí ẹ̀ fẹ́ná nídìí ẹwìrì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ yín ti ń gbéyàwó? Ẹ fẹ́ fi Jésù sílẹ̀ fún Díákónì? Kó wá kó gbogbo rẹ̀ tán, ojú yín, àti Olúwa yín?" Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, ojú tó fọ́ ń ta mí bí ata. A gbàdúrà, àdúrà náà ò gùn, nítorí inú ṣì ń bí mi sí Ọlọ́run, mo sì sọ fún Un bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí Òṣogbo, ẹgbẹ́ pe ìpàdé lé mi lórí. Alága ní gbogbo ayé ti rí ọwọ́ Ògún báyìí, pé kí n mú ajá wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti ìsọ̀ mi pa. N kò tíì lanu tí Ọ̀gá fi dìde. Wọ́n ti darúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé Ògún ló ṣe é? Mo jókòó sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní òdìkejì títì lọ́jọ́ náà. Mo fojú mi rí olówó ọkọ̀ yẹn tó gbé táǹkì, tó da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà. Mo rò pé Ìjẹ̀ṣà ló ní kó dà á. Àwọn ọlọ́kọ̀ á ní omi á mú kí táǹkì dógùn-ún, wọ́n á ní àwọn ń kánjú! Ọmọ yìí fọ táǹkì bí mo ṣe kọ́ ọ. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi orúkọ Ògún parọ́ níwájú mi."

Alága ní ọ̀rọ̀ ti tán. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè ajá.

Mo rò pé ìjọ náà á gbọ́ òtítọ́. Mo lọ bá wọn, mo sọ ohun tí Ọ̀gá rí. Àwọn alàgbà ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n ká fi bò ó mọ́lẹ̀, torí Díákónì ló ń kan òrùlé ilé ìjọsìn tuntun. Wọ́n ní, ta ló máa gba ẹ̀rí abọ̀rìṣà gbọ́ lórí ẹ̀rí díákónì? Títí di òní olónìí, Díákónì ò bẹ̀ mí. Wọ́n ti fi í joyè Alàgbà báyìí. Mo ti dárí jì í, torí Olúwa mi ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ó rọrùn, tí mo bá sì rí i, mo ṣì máa ń tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Mo padà sídìí iṣẹ́. Ẹni tó bá fi ojú kan jórin á mọ̀ pé kò rọrùn, ibi tí o rò pé irin wà, kò sí níbẹ̀. Mo máa ń fi ìka wọn ọ̀nà kí n tó gbé iná. Àwọn oníbàárà sá fún mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń wí pé wẹ́dà olójú kan. Nígbà tí ẹ̀rọ iná mànàmáná rọ́pò kábáàdì, mo kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká dé, mo kọ́ ìyẹn náà. Lọ sí Alekúwodò, wo àwọn géètì ńlá ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo kọ́ àwọn ọmọṣẹ́, mo dá wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, n kò sì fi orúkọ Ọ̀gá mi pamọ́ fún wọn.

Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí. Ìjọ ní àwọn máa ṣe ìdúpẹ́ fún mi. Pásítọ̀ tuntun tí wọ́n gbé wá, tí kò tó àbíkẹ́yìn mi lọ́jọ́ orí, wá sílé mi. Ó fún mi ní awò dúdú kan, tuntun. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi èyí sójú tẹ́ ẹ bá ń jẹ́rìí. Ẹ má sì mẹ́nu ba ojú yẹn. Àwọn ọmọ tuntun pọ̀ nínú ìjọ, wọ́n á ní ṣé Ọlọ́run ò lè wo Bàbá sàn ni. Ẹ kàn sọ bó ṣe bù kún yín."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo gba awò náà, mo fi í sápò.

Lọ́jọ́ náà, mo fi í sójú jókòó. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo gorí pẹpẹ, Díákónì àná tó ti di Alàgbà wà ní ìjókòó iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo yọ awò náà, mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Mo gbàdúrà fún ojú yìí. Mo gbààwẹ̀. Ìyá mi gbààwẹ̀ fún un títí ó fi kú. Kò ríran. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó, irọ́ ló ń pa. Ìgbàgbọ́ tí mo ní náà ni mo fi wà níbí lónìí. Jésù ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí, mi ò sì tìtorí yín fi I sílẹ̀." Alàgbà wolẹ̀. Dúpẹ́ nìkan ló ṣe àmín, ó sì ṣe é sókè. Pásítọ̀ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, ó sáré dá orin sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n rán akọ̀wé ìjọ sí mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ojú ń tì í. Ó ní wọ́n ní inú àwọn ò dùn sí ohun tí mo ṣe, pé bóyá kí n máa jókòó lẹ́yìn láti ìsinsìnyí lọ, nítorí àwọn tó ń ya fídíò ìsìn.

Mo ní, "Ṣé o gbọ́? Lọ sọ fún wọn pé ibi tí mò ń jókòó sí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni màá jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹni tí ojú mi bá ń dà láàmú, kó wá ibòmíràn jókòó. Mi ò ní kúrò nílé Bàbá mi."